Bí A Ṣe Lè Yan Íápíìsì Tó Bá Irú Orin Ẹ̀rọ Tí À Ń Gbọ́ Mu

Ẹni tó bá dé ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti ra íápíìsì, tí ó sì sọ fún ọlọ́jà pé orin ẹ̀rọ ni òun fẹ́ràn, ìdáhùn kan ṣoṣo ni yóò gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà: “Ẹ mú èyí, béèsì rẹ̀ pọ̀.” Béèsì ṣe pàtàkì lóòótọ́, nítorí orí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú orin tí a fi ẹ̀rọ ṣe dúró lé, ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà nínú gbogbo orin. Béèsì amapiano ń kọ orin, ti techno ń lu ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà láìsinmi, ti dubstep wà nísàlẹ̀ débi pé ara ń gbọ́ ọ ju etí lọ, ti drum and bass sì ń sáré. Íápíìsì tó gbé ọ̀kan nínú wọn jáde dáadáa lè ba òmíràn jẹ́ pátápátá. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ náwó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: níbo gan-an ni ìwúwo orin tí mo ń gbọ́ wà, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó tètè dákẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti dún? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjì yìí ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà.

Orin tí a fi ẹ̀rọ ìlù, dùùrù oníná àti kọ̀ǹpútà ṣe ni mo ń pè ní orin ẹ̀rọ níhìn-ín. Èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní écouteur, tó ń wọ inú ihò etí, ni mo pè ní íápíìsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní casque, tó ń bo etí látòde, ni mo pè ní hẹ́dífóònù.

Ohun tí nọ́ńbà ara páálí kò sọ

Etí ènìyàn tó jí pépé lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí à ń kọ ní 20 Hz sí 20,000 Hz, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá òkè rẹ̀ máa ń dín kù bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo páálí íápíìsì ni wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì sí, ti olówó gọbọi àti ti olówó pọ́ọ́kú, nítorí náà kò lè ràn yín lọ́wọ́ láti yan ọ̀kan. Ohun tí páálí kì í sọ ni bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó sí èkejì láàárín nọ́ńbà méjì yẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ wà.

Láti 20 sí 60 Hz ni ohun tí mo ń pè ní béèsì abẹ́lẹ̀, tí agbohùnjáde fóònù kò lè gbé jáde rárá. Láti 60 sí nǹkan bí 120 ni ìlù ńlá tí wọ́n ń pè ní kíìkì ti ń gbá àyà. Láti 120 sí 300 ni ohùn ti máa ń ki, bí ó bá sì pọ̀ jù níbẹ̀, gbogbo orin a rú. Láti 300 sí 3,000 ni ohùn akọrin àti púpọ̀ nínú ohùn dùùrù wà, láti 5,000 lọ sókè sì ni háíhàtì (àwo irin méjì tó ń lu ara wọn), ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gbogbo ohun tó ń dún ṣáá-ṣáá. Ọ̀pọ̀ íápíìsì tí wọ́n ń yìn lọ́jà pé béèsì rẹ̀ pọ̀, àárín 100 sí 250 ni wọ́n ti gbé ohùn sókè, torí ibẹ̀ rọrùn fún agbohùnjáde tí kò náni lówó láti pariwo. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan gbọ́ ọ yóò rò pé béèsì ni; ẹni tó bá fi wákàtí kan gbọ́ ọ yóò rí i pé orí ń wúwo, pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí akọrin ń sọ, àti pé béèsì abẹ́lẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀.

Kí rọ́bà dí etí ná

Ohun kan wà tó ṣáájú irú orin, tó ṣáájú orúkọ ilé-iṣẹ́, tó sì ṣáájú owó: bí íápíìsì ṣe dí ihò etí yín. Agbohùnjáde inú íápíìsì kéré púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní àyíká mílímítà 10 ní fífẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè gbé ohùn 40 Hz jáde ni pé ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò etí kò ní ọ̀nà àbáyọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí awọ agbohùnjáde bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ náà síwá sẹ́yìn ni awọ inú etí ń tẹ̀ lé e. Bí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, bó ti wù kí ó kéré tó, afẹ́fẹ́ yóò gba ibẹ̀ jáde, béèsì abẹ́lẹ̀ yóò sì bá a lọ, àmọ́ ohùn òkè yóò dúró síbi tó wà. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè fi íápíìsì kan náà sétí, kí ọ̀kan sọ pé ohùn rẹ̀ gbẹ, kí èkejì sọ pé béèsì rẹ̀ dùn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Púpọ̀ nínú íápíìsì máa ń wá pẹ̀lú rọ́bà oríṣi mẹ́ta, kékeré, àárín àti ńlá, èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí páálí sì sábà máa ń jẹ́ ti àárín. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, ẹ sì dán wọn wò ní etí ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ihò etí méjèèjì kì í sábà dọ́gba, kò sì sí èèwọ̀ nínú kí ẹ lo rọ́bà àárín ní ọ̀tún kí ẹ sì lo ńlá ní òsì. Bí ẹ bá fẹ́ kì í bọ etí ọ̀tún, ẹ gba ẹ̀yìn orí mú ọwọ́ òsì wá, ẹ fa etí sókè sẹ́yìn díẹ̀ kí ihò náà lè tọ́, kí ẹ wá yí íápíìsì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún òsì. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan orin tí béèsì rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, kí ẹ fi ìka ti íápíìsì wọlé díẹ̀ láìlo agbára. Bí béèsì bá pọ̀ sí i lójijì, rọ́bà náà kò tíì dí etí, ẹ gbé èyí tó tóbi jù ú lọ. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó ti dí. Ẹ tún sọ̀rọ̀ sókè: bí ohùn yín bá ń dún nínú orí ara yín gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ẹ bá fi ìka di etí, ó ti bọ́ sípò.

Rọ́bà onífóòmù, tí a máa ń fi ìka fún pọ̀ kó tó wọ etí, tí ó sì ń fẹ̀ padà nínú rẹ̀, máa ń dí etí ju ti sílíkónì lọ, ó sì máa ń bá wa dín ohùn òkè tó bá mú jù kù. Àléébù rẹ̀ ni pé òógùn àti eruku máa ń tètè bà á jẹ́, ẹni tó bá sì ń lò ó lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Íápíìsì oníke tí kò ní rọ́bà rárá, tó kàn ń fi ara kọ́ ẹnu etí, kò lè dí etí bí ó ti wù kí a ṣe é, nítorí náà n kò ní gba ẹni tó fẹ́ràn dubstep tàbí amapiano nímọ̀ràn láti rà á, ì báà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ jù lọ láyé. Ó dára fún ìpè àti fún ìròyìn.

House àti àwọn ọmọ rẹ̀

House ni ó bí púpọ̀ nínú orin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní àwọn ilé ijó bíi Warehouse, níbi tí Frankie Knuckles ti ń ṣe DJ, ìyẹn ni pé ó ń dá orin fún àwọn oníjó, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì yí padà: lílù 120 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan, kíìkì ń dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú lílù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, háíhàtì ń dáhùn láàárín wọn, akọrin tàbí dùùrù sì wà lókè gbogbo rẹ̀. Kíìkì ẹ̀rọ ìlù Roland TR-909, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1983, ni etí àwọn onílé ijó mọ́ jù lọ, ohùn rẹ̀ sì ní apá méjì: ìwúwo nísàlẹ̀, àti ìkànlẹ̀ kékeré lókè tó ń jẹ́ kí a mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Íápíìsì tó bá house mu ni èyí tó gbé nǹkan bí 50 sí 100 Hz sókè díẹ̀, tí ó sì fi àárín sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí house tí a kò ti gbọ́ akọrin rẹ̀ kedere ti sọ ìdajì adùn rẹ̀ nù.

Amapiano, tí wọ́n ṣẹ̀dá ní Gúúsù Áfíríkà, tí a sì ń gbọ́ báyìí láti Èkó títí dé Kútọnu, ti ara house wá, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ íápíìsì. Ó lọra díẹ̀, nǹkan bí lílù 110 sí 115 ní ìṣẹ́jú kan, kíìkì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ké. Log drum ni ó gbé orin náà ró. Béèsì ni log drum, ṣùgbọ́n béèsì tó ní ìró igi lẹ́nu ni, tí ó ń yọ̀ láti ìró kan bọ́ sí èkejì, tí ó ń gòkè, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré kò ní ṣàì nífẹ̀ẹ́ sí i, torí pé etí wa ti mọ́ra pẹ̀lú ìlù tó ń yí ohùn padà bí ọ̀rọ̀. Ibi tí íápíìsì burúkú ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá ti gbé ibì kan ṣoṣo sókè jù nínú béèsì rẹ̀, bóyá ní 120 Hz, gbogbo ìró log drum yóò máa fà sí ibẹ̀, yóò sì di ìró kan náà.

Ẹ lè fi ẹnu yín dán èyí wò láìsí ẹ̀rọ kankan: bí log drum ti ń dún, ẹ máa kùn tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá lè kùn ún gẹ́gẹ́ bí orin, tí ẹ mọ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, íápíìsì náà yẹ fún amapiano. Bí ó bá jẹ́ “bùm, bùm, bùm” nìkan ni ẹ lè rí mú jáde, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Èmi kò mọ àyẹ̀wò béèsì mìíràn tó yára tó báyìí tí ó sì ṣe é gbára lé tó o. Kí ẹ tún tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn: ó yẹ kí a máa gbọ́ ọ bí ohun tí ọwọ́ ń gbọ̀n, kì í ṣe bí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde. Gqom, tí ó ti Durban wá, gbẹ ju amapiano lọ, ó sì le jù ú lọ. Íápíìsì tó bá yege nínú àyẹ̀wò log drum yóò tó o.

Techno, àti orin tó ń gùn

Ìlú Detroit ni techno ti wá, láti ọwọ́ Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ kì í gbọ́ orin kan kó dákẹ́. Ó lè tó wákàtí méjì tí orin kan ń wọ inú òmíràn láìsí ìdánudúró. Nítorí náà, ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú íápíìsì techno ni pé kí ó má ṣe rẹ etí. Ibi tí àárẹ̀ ti ń wá ni àyíká 6,000 sí 9,000 Hz, níbi tí háíhàtì ti ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún láàárín ìwọ̀n lílù mẹ́rin, tí ó sì ń dún bẹ́ẹ̀ fún wákàtí gbáko. Íápíìsì tó mú ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀ máa ń dùn fún orin kan, nítorí pé ó jọ pé ohun gbogbo mọ́ kedere. Nígbà tó bá fi máa di orin kẹfà, ọwọ́ yóò ti máa lọ síbi ìdín-ohùn-kù. Ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán kí ẹ tó sanwó, bí ọlọ́jà bá gbà. Kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò wúwo, bóyá kò sì ń gún yín létí.

Orin tó ń sáré, orin tó wúwo

Drum and bass ń lọ ní lílù 160 sí 180 ní ìṣẹ́jú kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ohun méjì ni ó sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ìlù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tún tò ń sáré lókè, béèsì gígùn ń rìn lọ wọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀. Níhìn-ín ni ìbéèrè kejì tí mo bi níṣàájú ti wúlò jù. Bí béèsì kò bá tètè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́, yóò ya bo ìlù tó tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tí oníṣẹ́ fi sùúrù gé yóò sì di ariwo kan ṣoṣo. Àwọn agbẹ́lù tó wà ní Àjàrá nítòsí wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí awọ tí wọn kò fà dáadáa kì í dún bó ṣe yẹ kó dún. Ẹ wá ibi tí ìlù ti ń dún ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé nínú orin yín, kí ẹ gbìyànjú láti ya lílù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Fún irú orin yìí, mo fara mọ́ íápíìsì tí béèsì rẹ̀ mọ níwọ̀n ju èyí tó pọ̀ lọ, kódà bí ọlọ́jà bá ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun rere.

Dubstep yàtọ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ti jáde, ní ìlú London, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Lílù 140 ni wọ́n ń kà á sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to ìlù rẹ̀ máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ìdajì rẹ̀ ni. Ààyè tó ṣófo pọ̀ nínú rẹ̀, inú ààyè yẹn sì ni béèsì láti 30 sí 60 Hz ń gbé. Kò sí ọgbọ́n mìíràn: rọ́bà gbọ́dọ̀ dí etí pinpin, tàbí kí ẹ lo hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn dídí tí tìmùtìmù rẹ̀ yí etí ká láìsí àlàfo. Ẹni tó bá wọ awò ojú, kí ó kíyè sí i pé apá awò náà máa ń gbé tìmùtìmù sókè díẹ̀, béèsì a sì máa gba ibẹ̀ lọ.

Trance àti orin ìparọ́rọ́

Trance, tó gbilẹ̀ ní Jámánì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kún fún dùùrù oníná tí wọ́n tò lé ara wọn lórí. Ohun tó nílò ni fífẹ̀: kí a lè mọ̀ pé ohùn kan wà lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, òmíràn jìnnà sẹ́yìn. Orin ìparọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní ambient, tí Brian Eno fún lórúkọ ní ọdún 1978, nílò ohun kan náà, ó sì tún nílò pé kí ibi tí à ń gbé gbọ́ ọ dákẹ́. Fún àwọn méjèèjì, hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn ṣíṣí ni ó dára jù, èyí tí afẹ́fẹ́ àti ohùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Sennheiser HD 600, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1997, jẹ́ ọ̀kan tí gbogbo ayé mọ̀ nínú irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń jáde lè wọlé pẹ̀lú: ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, alùpùpù tó ń kọjá àti redio ilé kejì ni ẹ ó máa gbọ́ pọ̀ mọ́ orin. Fún ẹni tó ń gbé láàárín ìlú Àjàṣẹ́, òru nìkan ni irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ tàbí ní ẹ̀yìn odi Kétu, níbi tí alẹ́ ti ń dákẹ́, lè rí èrè rẹ̀ jẹ ju ará ìlú ńlá lọ.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò lọ́jà

Orin ẹ̀rọ ní ìṣòro kan tí orin mìíràn kò ní: ohùn dùùrù oníná kò sí níbì kankan láyé àfi nínú agbohùnjáde, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé “bí ó ṣe ń dún gan-an nìyí.” Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohùn tí etí wọn ti mọ̀ láìsí ẹ̀rọ dán íápíìsì wò. Ẹni tó dàgbà sí Kétu ti dúró nítòsí ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó sì mọ bí ohùn ẹlẹ́fẹ̀ ṣe ń rí lóru. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ká dáadáa sórí fóònù rẹ̀. Bí ohùn ẹlẹ́fẹ̀ bá dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò, àárín íápíìsì náà ti bàjẹ́, kò sì sí bí yóò ṣe gbé akọrin house jáde dáadáa. Lẹ́yìn tí ó bá ti yege níhìn-ín ni kí a tó tan orin ẹ̀rọ.

Ẹ gbé fóònù tiyín lọ, kí orin wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dípò kí ẹ máa fi íntánẹ́ẹ̀tì tan án níbẹ̀. Kí orin náà jẹ́ èyí tí wọn kò fún pọ̀ jù: MP3 tó wà ní 320 kbps (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni ìfúnpọ̀ ṣe kéré tó) tàbí FLAC, irú tí kì í pàdánù ohùn, ló dára, nítorí èyí tó wà ní 128 kbps sábà máa ń pàdánù ohùn tó ga ju nǹkan bí 16,000 Hz lọ, háíhàtì inú rẹ̀ a sì máa dún bí omi tó ń ṣàn. Ẹ lè dá íápíìsì lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé orin ló ní àbùkù.

Ẹ kíyè sára gidigidi nípa bí ohùn ṣe ga tó nígbà tí ẹ bá ń fi íápíìsì méjì wé ara wọn. Èyí tó bá pariwo jù, kódà bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, ni etí yóò máa rò pé ó dára jù. Íápíìsì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe tètè ń pariwo tó lórí fóònù kan náà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa tún ohùn ṣe títí wọn yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó dájọ́. Ariwo ọjà pẹ̀lú máa ń bo béèsì mọ́lẹ̀. Íápíìsì tí béèsì rẹ̀ mọ níwọ̀n lè dà bíi pé kò ní béèsì rárá láàárín Ouando ní ọ̀sán, nígbà tó jẹ́ pé yóò dára gan-an nínú yàrá yín. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, tàbí kí ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Nípa orúkọ, ohun tí mo lè sọ ni pé ayédèrú ohun tó lórúkọ pọ̀ lọ́jà wa. Íápíìsì kékeré tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bíi KZ tàbí Moondrop fi òótọ́ ṣe sàn ju ayédèrú olórúkọ ńlá lọ, iye owó wọn sì lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Okùn, Bluetooth àti agbára fóònù

Ẹni tó kàn ń gbọ́ orin lè lo Bluetooth láìsí ìbẹ̀rù. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe orin fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń kọ́ bí a ṣe ń dá orin ní òde àríyá, kò gbọ́dọ̀ lò ó fún iṣẹ́, nítorí ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé etí, ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá tẹ bọ́tìnì ìlù tí ìlù sì dún lẹ́yìn náà, kò sí bí lílù ṣe lè dúró. Okùn ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò. Àwọn adárin (DJ) gbára lé hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn dídí tó fún orí dáadáa, bíi Sennheiser HD 25 tó ti wà láti ọdún 1988, torí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ orin tó ń bọ̀ láàárín ariwo èyí tó ń dún lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń ra hẹ́dífóònù olókùn, ẹ wo nọ́ńbà ohm tó wà lára páálí. Òun ni ó ń fi bí hẹ́dífóònù ṣe ń tako iná tó hàn, ó sì ṣe pàtàkì. Láti 16 sí nǹkan bí 50 ohm, fóònù sábà máa ń gbé e. Beyerdynamic DT 770 Pro, fún àpẹẹrẹ, wà ní ohm 32, 80 àti 250. Ẹni tó bá ra ti 250 láìní ẹ̀rọ agbóhùnga (amplifier) yóò máa ráhùn pé kò dún sókè, béèsì rẹ̀ kò sì lágbára.

Ooru, eruku àti etí

Hẹ́dífóònù tó bo etí pátápátá máa ń mú kí òógùn bo etí nínú ooru oṣù kẹta ọdún, awọ tìmùtìmù rẹ̀ a sì máa bó. Tìmùtìmù aláṣọ tu etí lára jù, ṣùgbọ́n ó ń dín béèsì kù díẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku tó ń fẹ́ wá sí Kétu àti Ṣábẹ máa ń dí àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu íápíìsì, èpo etí a sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí etí kan bá bẹ̀rẹ̀ sí dún kéré sí èkejì, ẹ wo àwọ̀n yẹn kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo sì bẹ̀ yín, ẹni tó ń gun alùpùpù, yálà òun ló ń wà á tàbí ó jókòó sẹ́yìn, kó yọ íápíìsì kúrò létí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 80 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ó pọ̀ jù fún àgbàlagbà. Bí ohùn bá fi 3 dB ga sí i, àkókò tí etí lè fara dà á yóò dín kù sí ìdajì, tó jẹ́ pé 89 dB kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí wákàtí 5 lọ lọ́sẹ̀. Orin tó dá lórí béèsì máa ń tan ènìyàn láti gbé ohùn sókè, pàápàá nígbà tí rọ́bà kò dí etí, tí ẹni náà sì ń fi ariwo wá béèsì tó ti gba àlàfo jáde. Rọ́bà tó dí etí ń jẹ́ kí a gbọ́ ohun gbogbo ní ìwọ̀n tó rẹlẹ̀, ariwo ìta kò sì ní máa bá orin díje.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ lo ibi ìtò-ohùn (equalizer) tó wà lórí fóònù yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ti béèsì sókè dé òkè pátápátá, ohùn a sì máa ya. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ dín ohun tó pọ̀ jù kù. Bí amapiano bá rú, ẹ dín 150 sí 300 Hz kù ní 3 dB, log drum yóò jáde. Bí techno bá ń gún etí, ẹ dín àyíká 8,000 kù ní 2 tàbí 3 dB. Bí ẹ bá fẹ́ béèsì abẹ́lẹ̀ sí i fún dubstep, ẹ dín gbogbo èyí tó kù sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi 60 Hz sí ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ẹ wá fi bọ́tìnì fóònù gbé ohùn náà sókè. Bí íápíìsì bá dáhùn sí èyí, ẹ tọ́jú owó yín. Bí kò bá dáhùn, tí rọ́bà rẹ̀ sì ti dí etí dáadáa, ìgbà náà ni kí ẹ padà lọ sí Ouando.